Iye Tí Ẹ̀bùn Kérésì Àfọwọ́ṣe Ń Náni

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn Kérésìmesì àfọwọ́ṣe, ìyẹn ẹ̀bùn tí ẹni tí ó fẹ́ fúnni fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nínú ilé dípò kí ó lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù, èrò tí ó sábà máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé ẹ̀bùn aláìní ni, pé ẹni tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ láàmú débẹ̀. Èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀bùn tí a fi ọwọ́ ṣe dàgbà ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ, ohun tí ó sì ń náni kì í ṣe kékeré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe owó ni a fi ń san èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó díẹ̀ ṣe ọdún fún ará àti ọ̀rẹ́ ní láti mọ ohun tí yóò san dípò owó náà, kí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ó ní in.

Ọdún Kérésì fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀ láàárín àwọn Yorùbá bí a bá fi wé àwọn ọdún ìbílẹ̀. Ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, òjíṣẹ́ ìjọ Wẹ́sílì, àti Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run wọ̀nyí àti àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn mú ìtàn ìbí Jésù wá, wọ́n mú orin rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò sí ìdí fún wọn láti kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń bu oúnjẹ ránṣẹ́ sí aládùúgbò ní ọjọ́ ọdún, nítorí pé àṣà náà ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ wọn tó dé èbúté. Nígbà ọdún iṣu titun, nígbà ọdún egúngún, nígbà ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, oúnjẹ kì í dúró sí ilé ẹni tí ó ń ṣe ọdún nìkan; àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú ti ń pín ẹran Iléyá fún ará ilé àti ará àdúgbò. Inú àṣà tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni Kérésì wọlé sí, àwo oúnjẹ sì ni ẹ̀bùn tí ó bá a mu jù lọ.

Àwo yìí yẹ fún àkíyèsí, nítorí pé òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a óò sọ tẹ̀ lé e. Ìrẹsì ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, yálà funfun tí a bu ọbẹ̀ ata lé tàbí jọ̀lọ́ọ̀fù, pẹ̀lú ègé ẹran adìẹ tí a pa ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àti dòdò díẹ̀ níbi tí agbára bá ká a. A ó fi àwo mìíràn dé e, a ó fi aṣọ ìnuwọ́ dì í, a ó sì gbé e lé ọmọdé kan lọ́wọ́. Ọmọ náà yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Ẹ kú ọdún o, mọ́mì ní kí n gbé e wá fún yín", ẹni tí ó gbà á yóò ní, "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọdún á yabo, ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Ilé Mùsùlùmí tí ó gba àwo ìrẹsì yìí ní ọjọ́ Kérésì ni yóò fi ẹran ránṣẹ́ nígbà tí Iléyá bá dé, kò sì sí ẹni tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Marcel Mauss, onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 1925 lórí ẹ̀bùn, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ pé ojúṣe mẹ́ta ni ó so mọ́ ọn ní ọ̀pọ̀ àwùjọ, èyíinì ni ojúṣe láti fúnni, ojúṣe láti gbà, àti ojúṣe láti san án padà. Àwọn ìyá àgbà ní ilẹ̀ Yorùbá kò ka ìwé Mauss, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ilé tí kò gbé àwo wá ní ọdún tó kọjá. Àǹfààní àwo ni pé ojúṣe kẹta yìí kò nira fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò sí ilé tí ó ń dáná tí kò lè dá àwo oúnjẹ padà, àti nítorí bẹ́ẹ̀ ẹ̀bùn náà kì í sọ ẹni tí ó gbà á di onígbèsè.

Ohun tí a kò lè sọ nípa apẹ̀rẹ̀ ọdún nìyẹn, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní háńpà: apẹ̀rẹ̀ tí a to agolo mílíìkì, páálí kọnfíléèsì, ìgò wáìnì àti bísíkíìtì sí, tí a fi ọ̀rá tó ń dán wé, tí a sì so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ lórí. Ilé iṣẹ́, báńkì àti olóṣèlú ni wọ́n ń rà á jù, àwọn tí wọ́n sì ń rà á fún kì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bébà tí a rún mọ́ ara láti fi gbé ohun tí ó wà lókè sókè, kí ó lè dà bí ẹni pé ó kún. Háńpà kan lè gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹnikẹ́ni má sì já rìbọ́ọ̀nù rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó fi hàn pé ẹni báyìí ni a ní lọ́kàn nígbà tí a ń dì í.

Ní ọdún 1993, Joel Waldfogel, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà American Economic Review, lẹ́yìn tí ó ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Yale léèrè iye tí ẹ̀bùn Kérésì tí wọ́n gbà jẹ́ lójú tiwọn. Ohun tí ó rí ni pé láti ìdá kan nínú mẹ́wàá dé ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí a ń ná sórí ẹ̀bùn ni ó ń ṣòfò, nítorí pé ẹni tí ó ra ẹ̀bùn kò mọ ohun tí ẹni tí ó fẹ́ fún ń fẹ́ tó bí onítọ̀hún ti mọ̀ ọ́n. Àmọ́ Waldfogel ti ní kí wọ́n yọ ìfẹ́ àti ìrántí tí ó rọ̀ mọ́ ẹ̀bùn kúrò nínú ìṣirò. Ìṣirò bẹ́ẹ̀ bá háńpà mu rẹ́gí. Kò bá ìgò òróró tí ìyá àgbà kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fún ọmọ ọmọ rẹ̀ mu, nítorí pé ohun tí ó ní kí wọ́n yọ kúrò ni ó pọ̀ jù nínú irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

Ipò tí ọrọ̀ ajé Nàìjíríà wà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní àròjinlẹ̀ lásán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ní oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu iye rẹ̀, nígbà tí ó sì fi di oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè náà kéde pé iye owó ọjà ti fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti oṣù Kejìlá ọdún tó ṣáájú lọ. Ti oúnjẹ nìkan jẹ́ ìdá 39.84. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, iye yìí kò sì lè ra odindi àpò ìrẹsì kan ní Kérésì ọdún náà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìbéèrè tí ó kù ni ohun tí ìtẹ́ kékeré lè gbà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ẹ̀bùn wò ni ojú ọjọ́. Oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ máa ń wọlé, ìyẹn afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ń gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà; ètè a máa bẹ́, gìgísẹ̀ a máa la, awọ ara a máa gbẹ. Ohun ìpara ni àkókò náà ń béèrè fún, ó sì ṣe ni ní kàyéfì pé bísíkíìtì ni ó wà nínú háńpà. Òróró àgbọn kò ṣòro láti ṣe nílé. A ó fọ́ àgbọn, a ó yọ ọ́ kúrò nínú èèpo rẹ̀, a ó rin ín tàbí kí a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a ó fi asẹ́ tàbí aṣọ mímọ́ fún omi funfun inú rẹ̀ jáde, a ó sì gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá rẹ̀ yóò ti léfòó sókè nígbà náà, omi yóò sì wà nísàlẹ̀; ọ̀rá yìí ni a ó kó sínú ìkòkò, tí a ó máa sè lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí omi tó kù nínú rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò pọ́n, tí òróró yóò sì dá dúró ní mímọ́ gaara. Iná líle ni ó ń ba á jẹ́, nítorí pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà yóò jóná, òróró náà yóò sì máa rùn bí ohun tí ó jóná títí ọdún yóò fi yípo. Fún àwọn tí ń gbé ní etí òkun láti Àgbádárìgì dé Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, níbi tí igi àgbọn pọ̀ sí, owó tí èyí ń gbà kò tó nǹkan. Fún ẹni tí ó wà ní Ìlọrin tàbí Ṣakí, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó bá fi òróró àgbọn tọrẹ ní àsìkò ọyẹ́ gbọ́dọ̀ fi àlàyé kan kún un. Òróró yìí máa ń dì bí ìgbóná rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, òtútù àárọ̀ kùtùkùtù nígbà ọyẹ́ sì lè lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹni tí ó gba ìgò òróró ní alẹ́ tí ó sì jí bá ohun funfun tí ó dì nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ lè rò pé ayédèrú ni, tàbí pé ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Bí oòrùn bá ta sí i tàbí bí a bá gbé e sínú omi gbígbóná, yóò yọ́ padà.

Fún àwọn ará Òkè-Ògùn àti apá ìpínlẹ̀ Kwara, ọ̀rí ni ó wà nítòsí wọn, nítorí pé ilẹ̀ ọ̀dàn ni igi rẹ̀ ń hù sí, kì í hù nínú igbó kìjikìji. Ọ̀rí nìkan a máa le nígbà ọyẹ́, òórùn rẹ̀ kò sì bá gbogbo ènìyàn lára mu. Bí a bá fi ìwọ̀n méjì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwọ̀n kan òróró àgbọn, tí a yọ́ wọn pa pọ̀ nínú abọ́ tí a gbé lé orí omi gbígbóná, tí a sì ń rò ó bí ó ti ń tutù, yóò di ìpara rírọ̀ tí ó ṣeé rọ sínú agolo kékeré. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, síbí tí a fi ń bù ú gbọ́dọ̀ gbẹ, kí a sì kọ ọjọ́ tí a ṣe é àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sára agolo náà, nítorí pé àwọn kan wà tí ara wọn kò gba àgbọn. Agolo yìí kò ní láti jẹ́ tuntun. Ìgò jáàmù àti ìgò mayonéésì tí a fi omi gbígbóná fọ̀, tí a sì sá gbẹ, tó fún iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ègé àǹkárá tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ télọ̀ ní oṣù Kejìlá, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń rán aṣọ ọdún, lè bo orí rẹ̀ dáadáa ju bébà aláràbarà inú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ní ti oúnjẹ pípanu, ṣin-ṣin ni ó gba iwájú. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe adùn nìkan, bí kò ṣe pé omi inú rẹ̀ ti gbẹ nínú òróró gbígbóná, nítorí náà ó lè wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ohun tí atẹ́gùn kò lè wọ̀. Kílò ìyẹ̀fun kan, bọ́tà tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin kílò, ṣúgà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹyin méjì, mílíìkì díẹ̀ àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì tí a rin yóò kún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgò. Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni kí a pò ó kí ó rọ̀ jù, tí yóò fi máa fa òróró mu. Èkejì, tí ó burú jù, ni kí a kó o sínú ìgò nígbà tí ó ṣì gbóná, nítorí pé ooru rẹ̀ yóò di omi nínú ìgò, ohun tí ó yẹ kí ó máa ró kàrà-kàrà lẹ́nu yóò sì rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ ra bọ́tà lè wo ẹ̀yìn. Àádùn tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo sísun, epo pupa àti ata ṣe, rọ́bọ́ tí a fi ẹ̀gúsí lílọ̀ tí a ti fún òróró rẹ̀ dín, kókóró tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo dín, àti dòdò Ìkirè, tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n kọjá àlà ṣe, gbogbo wọn ni a fi nǹkan tí ó wà nílé ṣe. Ti Ìkirè yìí tilẹ̀ yẹ fún ìyìn pàtàkì: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹlòmíràn yóò dà nù nítorí pé ó ti dúdú ni àwọn obìnrin ìlú náà sọ di ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ ń dúró rà. Isápá pupa, tí ọ̀pọ̀ ń fi orúkọ Haúsá pè ní sóbò, dára bí a bá fún ènìyàn ní gbígbẹ rẹ̀ pẹ̀lú kànáfùrù àti ata ilẹ̀ gbígbẹ nínú àpò kékeré kan, nítorí pé èyí tí a ti sè kì í pẹ́ kan níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró. Àwọn ará Jàmáíkà pẹ̀lú máa ń mu ohun mímu tí a fi ewéko yìí kan náà ṣe ní Kérésì. Kéèkì ni a kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dáwọ́ lé nítorí àti dín owó kù. Bọ́tà rẹ̀ pọ̀, ẹyin rẹ̀ pọ̀, iná rẹ̀ pọ̀, ẹni tí kò sì mọ̀ ọ́n ṣe yóò ná owó tó lè ra ti oníṣẹ́ rẹ̀, yóò wá gbé ohun tó le bí òkúta kalẹ̀.

Títí dé ibí yìí, a ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbígbà ẹ̀bùn kò ní wàhálà kankan nínú. Ó ní. Ẹni tí ó ra páálí bísíkíìtì kò ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀, nítorí pé ilé iṣẹ́ ti lẹ ẹ́ pa, nọ́ńbà àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á kò ní láti mọ ẹni tí ó fún un. Oúnjẹ tí a sè nílé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù májèlé kò tíì kúrò ní ilẹ̀ Yorùbá, òbí púpọ̀ sì ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí ó má ṣe jẹ oúnjẹ níta. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ dúdú tún le ju ti oúnjẹ lọ. Ọṣẹ tí ó dára ni: eérú èèpo kòkó, tí ó ní èròjà kánún nínú, ni a ń pò pọ̀ mọ́ àdín láti fi ṣe é, ó sì wọ́n ní ìlú òyìnbó, àmọ́ ọṣẹ yìí kan náà ni àwọn babaláwo àti oníṣègùn ń gún oògùn mọ́ fún àkóṣe, ìyẹn iṣẹ́ awo tí a ń ṣe láti fi fa nǹkan sí ara ẹni tàbí láti fi lé e sá. Kristẹni tí ó fi tinútinú po ọṣẹ dúdú mọ́ oyin, tí ó gé e sí wẹ́wẹ́, tí ó sì fi tọrẹ ní Kérésì, lè rí i pé ẹni tí ó fún dúpẹ́ gan-an, kò sì fi wẹ̀. Kò sí ẹjọ́ lọ́rùn ẹni tí ó gbà á. Orúkọ ẹni tí ó ṣe ẹ̀bùn àfọwọ́ṣe ni òǹtẹ̀ rẹ̀, orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ọdún tó dé.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti tọ́ka sí àwọn amòye tí wọ́n ti ìlà oòrùn wá, tí wọ́n mú wúrà, tùràrí àti òjíá wá fún Jésù, gẹ́gẹ́ bí orísun ẹ̀bùn Kérésì. Ó yẹ kí a kíyè sí irú ẹ̀bùn tí wọ́n mú wá. Àlejò ni wọ́n, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá, wọn kò mọ ilé náà rí, àlejò kò sì lè gbé ọbẹ̀ wọlé onílé kí onílé jẹ ẹ́. Ohun tí iye rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé ni ó gbọ́dọ̀ mú dání. Bí ẹ̀bùn ti ń jìnnà sí ilé tí a ń gbé e lọ ni ó ń di ohun ọjà.

Jíjìnnà yìí láàárín ẹni tí ń fúnni àti ẹni tí ń gbà lè di ewu. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọdé 35 ni ó pàdánù ẹ̀mí wọn nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Ìbàdàn níbi tí èrò ti ya wá gba ẹ̀bùn ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Àbújá àti ní Òkìjà níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ. Ebi ni ó kó èrò náà jọ, kò sì sí àwo ìrẹsì láti ilé dé ilé tí ó lè parí ìyà tó tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀bùn tí ọmọdé kan gbé la ọgbà kọjá sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ kò pa ẹnikẹ́ni rí ní ẹnu ọ̀nà.

Lẹ́yìn orúkọ rere, àkókò ni ohun kejì tí ẹ̀bùn àfọwọ́ṣe ń gbà, ibẹ̀ sì ni a ti ń rẹ́ obìnrin jẹ. Nígbà tí ìdílé bá ń ṣírò iye tí ẹ̀bùn àfọwọ́ṣe ná wọn, ìyẹ̀fun, ṣúgà àti gáàsì ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka wákàtí tí ìyá fi dúró nídìí iná nígbà tí bàbá ń gba àlejò ní pálọ̀. Bí a bá ní kí a san owó iṣẹ́ fún un, bóyá ṣin-ṣin náà ni yóò wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí ó wọlé ní ọdún náà. Kò sí ìdí tí ọkùnrin kò fi lè fọ́ àgbọn kí ó sì rin ín, tàbí tí àwọn ọmọ tí ilé-ìwé wọn ti gba ìsinmi kò fi lè gé ṣin-ṣin. Aṣọ àdìrẹ oníko, ìyẹn èyí tí a fi ìko tàbí òwú so kí aró má bàa wọ ojú ibi tí a so, jẹ́ iṣẹ́ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe sára áńkáṣífù funfun fún gbogbo ẹbí, bí àgbà bá wà nídìí aró. Kò sì sí áńkáṣífù méjì tí yóò jọra.

Ẹ̀bùn kan kù tí owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo àwọn tí a ti dárúkọ lọ, òun sì ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston lè rí gbà láìsí wàhálà kọ́sítọ́ọ̀mù, èyí tí kì í jẹ́ kí a gbé ẹran àti wàrà láti Nàìjíríà wọ Bìrìtìnnì. Oríkì ni. Ó pín sí oríṣi púpọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ó kan ọ̀rọ̀ yìí: oríkì orílẹ̀, tí ó jẹ́ ti gbogbo ìdílé tí wọ́n pín orírun kan náà, bíi ti Oníkòyí tàbí Òpómúléró, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí àgbà kan ń fi ki ọmọ kan pàtó láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Adébóyè Babalọlá ti kó ti àkọ́kọ́ jọ sínú ìwé Àwọn Oríkì Orílẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1967, nítorí náà ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ mọ ibi tí yóò wá a sí. Ti èkejì kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnu ìyá àgbà nìkan ni ó wà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó kò sì gbọ́ ọ rí, àfi díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù nígbà tí àyè bá gbà. Ẹni tí ó bá gba ohùn yẹn sílẹ̀, tí ó fi ara balẹ̀ kọ ọ́ jáde pẹ̀lú àmì ohùn tó péye, tí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé líle títóbi kan tàbí tí ó dà á kọ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, tí ó sì kọ ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tó ta kókó sí abẹ́ rẹ̀, ti ṣe ẹ̀bùn tí kò sí ṣọ́ọ̀bù tí ó lè tà á. Iṣẹ́ náà kò rọrùn tó bí ó ti dùn ún sọ, nítorí pé àgbà kì í ki ènìyàn lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, òǹkọ̀wé yóò sì ní láti padà lọ béèrè.

Nítorí náà, kí ẹni tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣì wà láyé gbé fóònù lọ bá a kí oṣù Kọkànlá tó parí, ní òwúrọ̀ tí ilé bá pa rọ́rọ́. Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an, àlejò yóò ti kún ilé, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì ní jẹ́ kí ohùn rẹ̀ já geere.